Oríkì Tí A Fi Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀rọ wáífáì ilé wa ní Ìkòsì kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ó dúdú, ó ní ìwo méjì lórí, iná kéékèèké aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá mi ń kó ìwé àdúrà rẹ̀ sí nígbà ayé rẹ̀ la gbé e lé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, mo fa àga síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo ń wò ó. Kì í ṣe pé n kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun: mo máa ń kọ ohun táwọn òṣèré ń sọ nínú fíìmù sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rí i kà. Síbẹ̀, ẹnu yà mí. Nǹkan kan ń jáde lára páálí dúdú yìí, ó ń gba inú ògiri kọjá, ó ń wọ yàrá ìdáná, ó ń gun òkè lọ bá àwọn ayálégbé, ojú ẹnikẹ́ni ò sì rí i. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀, ó sì tún dùn mọ́ mi.

Ẹnu ò ya màmá mi ní tirẹ̀. Ata ló ń tà ní Mile 12, rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀, àpò-àpò, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní ẹni tó bá ti rí ata tó ti Òkè Ọya wá nínú tírélà, nínú oòrùn, tó délẹ̀ tí kò jẹrà, kò tún sí ohun tó lè ya olúwarẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ọkùnrin tó wá so ẹ̀rọ náà bi í pé, "Mummy, kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù? Ẹ mú ohun tí ẹ ò ní gbàgbé o."

Màmá mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ oríkì rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ ń fẹ́ nọ́ńbà mọ́ ọn, màmá mi ní kó fi ọ̀kan, méjì, mẹ́ta sí i. Ó parí síbẹ̀.

N kò ní kọ oríkì náà síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ Yorùbá. Bí inú bá ń bí màmá mi tí gbogbo ilé ń sá fún un, ẹni tó bá lè dúró pè é lóríkì lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn alábàárù Mile 12 á ti máa fi kí i láti ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ wá ra ata láti Ojota á fi kí i. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti orígun àdúgbò ni wọ́n á ti máa kì í títí yóò fi wọlé. Ó sọ fún ọkùnrin yẹn pé òun ò ní gbàgbé, òótọ́ ló sì sọ. Báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ sí i létí lójoojúmọ́?

Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni.

Ilé wa ní àṣà kan tó jẹ́ pé bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Bíríkìlà ni, ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Èkó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ilé tí à ń gbé. Nígbà tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kò fi ẹnu ẹ̀rọ omi sínú ọgbà nìkan. Ó dá ògiri lu, ó fa páìpù kan jáde síta, ó sì mọ pèpéle símẹ́ńtì kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ káwọn èèyàn lè rí ibi jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi kó pọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá kó ṣe. Ọlọ́kadà, aláṣọ, ẹni tó ru ẹja bọ̀ láti Agboyi tó fẹ́ ṣan ọwọ́, gbogbo wọn ló mọ ibẹ̀. Bí a bá ráhùn, bàbá mi á ní, "Omi ò lọ́tàá." Ìgbà tó kú, a ò ti omi náà pa.

Kò pẹ́ tí wáífáì dé tí àwọn tó ń jókòó lórí pèpéle yẹn fi mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kan yọjú sí géètì, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi wáífáì sílẹ̀ díẹ̀."

"Oríkì mi ni," màmá mi dáhùn láti ìdí àdògán. "Kí o fi ọ̀kan, méjì, mẹ́ta sí i."

Bó ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. Pèpéle bàbá mi kì í ṣófo mọ́. Ẹni tí kò ní data ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ń bọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ mi wá ń falẹ̀, fíìmù ò wọlé bọ̀rọ̀, inú sì bí mi. N kì í ní sùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màmá, wáífáì kì í ṣe omi o. Ó ń tán!"

"Omi náà ń tán," ó ní. "Ṣebí a máa ń fa òmíràn."

Mo jáde lọ́jọ́ kan láti lọ lé wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo bá obìnrin kan tó kó ẹja wá láti Agboyi, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló bímọ. Wọ́n ń fi ìkókó náà hàn án. Obìnrin yẹn ṣáà ń fi ìka tó rùn fún ẹja pa ojú ọmọ náà lára gíláàsì fóònù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Orí mi wú. Ọmọ tuntun wà ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, ìyá ìyá rẹ̀ sì ń pa á lójú lẹ́bàá ògiri wa, nípasẹ̀ oríkì màmá mi. Mo padà sínú ilé, n kò lé ẹnikẹ́ni.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ màmá mi. Màmá mi ò fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ púpọ̀. Ó ti lọ bá ẹni tó ń ta àgádágodo ní Ketu nígbà kan, ó ní kó bá òun wá irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ kan náà ń ṣí, ó sì rà wọ́n fún ilé, fún ṣọ́ọ̀bù, fún àpótí. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Kò jẹ́ wá kọ́kọ́rọ́ kiri bíi tiwa. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bó ṣe ṣe àgádágodo náà ló ṣe gbogbo nǹkan tó kù. Nígbà tí fóònù rẹ̀ ní kó mú pásíwọ́ọ̀dù fún ímeèlì, oríkì rẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Nígbà tó gba áàpù báǹkì, òun náà ló tẹ̀ síbẹ̀.

Owó tó wà ní báǹkì yẹn, owó Mẹ́kà ni. Òun àti bàbá mi ló jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Wọ́n fẹ́ jọ lọ ni. Bàbá mi kú kó tó pé, màmá mi sì ń tù ú jọ lọ láti ara ata, ó ní ẹsẹ̀ òun yóò débẹ̀, òun yóò sì ṣe ti bàbá mi mọ́ tòun nínú àdúrà. Àwọn ará ọjà ti ń pè é ní Àlájà ṣáájú. Kì í jẹ́. Yóò ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà ná." Ọdún yìí ni owó náà wá pé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó san án fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò.

Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì ni, lẹ́yìn ìrun Àílà. Màmá mi tètè ti ọjà dé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, èmi wà nídìí iṣẹ́ mi. Fóònù rẹ̀ dún. Màmá mi kì í gbé fóònù sétí, ariwo ọjà ti kọ́ ọ pé kó máa jẹ́ kó pariwo síta, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹni yẹn sọ ni mo gbọ́.

"Ẹ káàsán, Mà." Ohùn ọkùnrin ni, ó rọ̀, ó sì mọ́. Ó pe orúkọ màmá mi bó ṣe wà nínú ìwé báǹkì. Ó wá fi oríkì rẹ̀ parí rẹ̀, ó fa ohùn sí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì.

Mo rí bí ojú màmá mi ṣe tàn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Hẹ́ẹ̀n! Ọmọ dáadáa. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Láti báǹkì yín ni, Mà. Ẹnì kan ló fẹ́ fi káàdì yín fa owó, a ti dá a dúró. Àmọ́ tí a ò bá tètè tún un ṣe, wọ́n máa block àkáǹtì yín, ẹ ò sì ní rí owó Mẹ́kà yín san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó mọ̀ nípa Mẹ́kà. Ó mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá ka àwọn nọ́ńbà tó parí ojú káàdì màmá mi. Mo na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí tábìlì, mo yọ káàdì náà, mo wò ó. Àwọn nọ́ńbà náà gan-an ni.

"Kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, Mà," ohùn náà ní. "Ẹ kàn kà á fún mi. Ó tán."

Fóònù náà gbọ̀n lọ́wọ́ màmá mi. Kóòdù ti dé. Mo dìde, mo ń mi orí, mo ń ju ọwọ́ méjèèjì. Màmá mi lè ka nọ́ńbà ju èmi lọ, ó kàn máa wò ó ni, kó sì pè é jáde. Mo fẹ́ já fóònù náà gbà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè sí mi, àtẹ́lẹwọ́ tí ata ti pọ́n yẹn, mo sì dúró.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó sọ sínú fóònù. "Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ná. Ta ló sọ oríkì mi fún ọ?"

"Ó wà nínú fáìlì yín níbí, Mà."

"Nínú fáìlì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kóòdù yẹn ńkọ́, Mà?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ga. "Ọjọ́ tí mo ṣí àkáǹtì yẹn, obìnrin tó jókòó síwájú mi bi mí ní surname, ó bi mí ní first name. Mo ní kó bá mi kọ oríkì mi sí i. Ó ní kò sáyè fún un. Mo bá a fà á dáadáa lọ́jọ́ náà, kò kọ ọ́. Báǹkì ò mọ oríkì mi, ọmọ mi."

Kò sí ẹni tó fọhùn nínú fóònù. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ọkùnrin tó ń ta oògùn eku kọjá ní òpópónà wa, èyí tó máa ń gbé gbohùngbohùn sórí kẹ̀kẹ́. A gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun. A sì gbọ́ ọ láti inú fóònù. Eku, aáyán, ìdun. Ohùn kan náà, ti inú fóònù kàn ń tẹ̀ lé ti ojú fèrèsé lẹ́yìn díẹ̀.

Mo wo màmá mi, màmá mi wò mí. Ó yí ojú sí ògiri ọgbà, sí ìhà ibi tí pèpéle wà.

Mo ti gbọ́ tí màmá mi ṣépè rí. Ìgbà tí ó bá ń ṣépè ní Mile 12, àwọn tó ń kó àpò ata máa ń dúró. Mo ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi í. "Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀. Bu díẹ̀ mu, kára rẹ silẹ̀."

Mo gbọ́ mímí kan. Lẹ́yìn náà ó pa fóònù.

Mo ti dé géètì kí n tó mọ̀ pé mo ń sáré. Pèpéle kún. Gbogbo wọn ló tẹrí ba sídìí fóònù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbójú sókè. "Ẹ káàsán, Aunty," wọ́n kí mi, gbogbo wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹnì kan ń fọ ojú lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Àwọn méjì ti dìde, wọ́n ń lọ sí ọ̀nà títì, wọn ò sì kánjú. Mo ń wo ojú kan dé ojú kejì. Ojú èèyàn ni gbogbo wọn. Ojú tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni. Mo fẹ́ di ẹnì kan lọ́rùn aṣọ mú, ọwọ́ ń yún mi, àmọ́ ta ni?

"Wọlé," màmá mi pè mí láti ẹ̀yìn. "Bí o bá mú ẹnì kan, tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

Mo wọlé. Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì náà, mo ní kí wọ́n ti káàdì náà pa. Obìnrin tó gbé e ní báǹkì bi màmá mi ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní owó náà pé, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Kóòdù yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tó kù kí wọ́n tó wọlé.

Ìgbà yẹn gan-an ni màmá mi wá gbé fóònù sílẹ̀ sórí ẹní. Ó ní, "Mo rò pé ó ti lọ. Mo rò pé owó náà ti lọ, mo ń ro ohun tí mo máa sọ fún bàbá yín." Ó sunkún. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, mo sì dì í mú. Ẹ̀rù tí kò bà á nígbà tó ń bá olè sọ̀rọ̀ ti wá bà á báyìí, ó sì ba èmi náà.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo ṣí ímeèlì rẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé wọ́n ti fi fóònù kan tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣí i, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò Mẹ́kà kọ sí i, àti ti báǹkì tí nọ́ńbà káàdì wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni fóònù yẹn ti kà á. Mo bi màmá mi ní pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì náà. Ó sọ oríkì rẹ̀. Mo bi í ní ti báǹkì. Ó sọ oríkì rẹ̀.

"Màmá," mo ní, "ẹni tí ẹ bá fún ní wáífáì, ẹ ti fún un ní ilé."

Ó ń fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, mo rò pé òun ló máa sọ. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Oríkì ni wọ́n fi ń ki èèyàn. Ta ló mọ̀ pé wọ́n lè fi jalè?" Ó dùn ún. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ oríkì yẹn dùn ún ju ti owó lọ.

A lọ sí báǹkì ní Ketu lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní káàdì tuntun, a sì pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù báǹkì àti ti ímeèlì. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ dúdú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wọ inú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mi, mo dé ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Ẹnu tún yà mí. Ẹ̀rọ náà ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣí inú rẹ̀, ìyẹn náà sì wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí wáífáì wa ì bá ti wọ ibẹ̀, kó darí gbogbo ilé sí ibi tó bá wù ú, a ò sì ní mọ̀. A ti ń sùn, a ti ń jí, ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Mo fẹ́ ti wáífáì pa mọ́ àwọn ará ìta pátápátá. Màmá mi ní rárá. "Bàbá yín ló fa omi yẹn síta. Kì í ṣe gbogbo wọn ni olè." Mo bínú, mo sọ̀rọ̀, mo ní nǹkan tí ojú wa rí kò tíì tó ni? Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ńkọ́?" Mo padà sídìí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà lè pín ara rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ilé, apá kan fún àlejò, tí ti àlejò ò sì ní lè rí ohun tó wà nínú ilé. Mo pín in bẹ́ẹ̀. Ti ìta ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, màmá mi ń kéde rẹ̀ lẹ́nu géètì, à ń pààrọ̀ rẹ̀ bí oṣù bá ti lé.

Ó wá ku ti inú ilé. Mo ṣàlàyé fún màmá mi pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń pè é. Kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí, kò sì gbọdọ̀ dà bí ti báǹkì tàbí ti ímeèlì. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó ń gbọ́. Ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi.

"Ṣé ó lè jẹ́ orúkọ?" ó bèèrè.

"Àfi tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, Màmá. Irú ẹ̀ ò sì sí."

"Ó wà," ó ní.

Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi. "Kọjú sí ògiri," ó ní fún mi, bó ṣe máa ń sọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé bó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Mo kọjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́. Ó fi bí ìgbà méjì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi àti ti ara rẹ̀.

"Màmá, orúkọ ta ni?"

"Orúkọ mi ni," ó ní. "Bàbá yín nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò pè é níṣojú yín rí."

Mo jókòó. Orúkọ àkọ́bí wọn ni bàbá mi fi ń pè é, bó ṣe jẹ́ pé Ìyá Lágbájá ni ọkọ ń pe ìyàwó nílé gbogbo. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé nínú ilé yẹn, n kò gbọ́ kó pè é ní nǹkan mìíràn. Mo ti rò pé mo mọ gbogbo ohun tó wà láàárín àwọn òbí mi. Orúkọ kan wà láàárín wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, a ò gbúròó rẹ̀, ẹni tó ń pè é sì ti wà nínú ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gba inú ògiri bàbá mi kọjá, òun ló ń wọ yàrá ìdáná, òun ló ń gun òkè. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Màmá mi lọ sí Mẹ́kà. Ní ọjọ́ kan ó fi fíídíò pè mí sórí kọ̀ǹpútà. Aṣọ funfun ló wọ̀, ojú rẹ̀ ti gbẹ nínú oòrùn. Ó yí fóònù rẹ̀ padà, ó ní kí n wò, mo sì rí Káábà, àti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń yí i ká bí omi tó ń yí. Nígbà tó yá ó ní, "Mo ti sọ fún bàbá yín pé a dé." Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fóònù mi kú. Mo ra tuntun, ó sì ní kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù wáífáì. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi mọ̀ ọ́n. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á sì jáde gbangba, lẹ́tà kan kì í fara pamọ́. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí i dé ibi tó ku kí n tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó títí, mo sì pa á dé. Data ni mo ń rà títí màmá mi fi dé, owó rẹ̀ sì ń dùn mí.

Ọjọ́ tó dé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń pariwo oríkì rẹ̀ láti orígun títì, àwọn tó wà lórí pèpéle náà dìde fún un. Wọ́n pè é ní Àlájà, ó sì jẹ́. Nígbà tí àlejò dínkù, ó bọ́ sàńdàlì, ó gbé omi sàmúsàmù tó mú ti Mẹ́kà bọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wáífáì. Mo gbé fóònù tuntun náà fún un. Kò tíì sọ nǹkan kan tí mo ti kọjú sí ògiri.